Ìmọ́tótó Ọ̀nà Afẹ́fẹ́ Ẹ̀rọ Amúlétutù Inú Ọkọ̀

Nígbà tí ọyẹ́ bá ń lọ sópin, láàrin oṣù Kejì sí oṣù Kẹta ọdún, ni ó yẹ kí ẹni tó ní ọkọ̀ yẹ ọ̀nà afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wò. Eruku tí ọyẹ́ ń gbé wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà kì í dúró sára ọkọ̀ nìkan. Fáànù a máa fà á wọlé láti ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, a sì máa kó o jọ síbi tí ojú kò tó. A kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn tó ní ọkọ̀, àwọn awakọ̀ èrò, àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn tó ní bọ́ọ̀sì.

Ibi mẹ́ta ni ìdọ̀tí ń kó sí jù. Èkíní ni asẹ́ afẹ́fẹ́, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fílítà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó wà lẹ́yìn àpótí kékeré tó kọjú sí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Èkejì ni irin tútù tí wọ́n ń pè ní evaporator. Omi a máa sẹ̀ sára rẹ̀ bí ó ti ń sẹ̀ sára ife omi dídì, a sì máa gba ihò kékeré kan ṣàn sábẹ́ ọkọ̀. Nítorí náà, omi tó ń kán lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí amúlétutù ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe àbùkù. Èyí tó yẹ kó kọ wá lóminú ni kí abẹ́ ọkọ̀ gbẹ, kí kápẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ sì tutù: ihò náà ti dí nìyẹn. Omi tó dúró á mú kí olú hù, irú èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́, òórùn àkísà tútù á sì máa jáde. Lọ́fínńdà kò lè wo èyí sàn. Ẹ̀kẹta ni àwọn ojú ihò dáṣíbọ́ọ̀dù àti ti àjà bọ́ọ̀sì.

Asẹ́ tí wọ́n fi bébà ṣe kò ṣeé fọ̀. Bí ó bá ti dúdú, kí a ra òmíràn ló tọ́. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ní kí a pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tàbí lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 20,000, ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà eléruku tiwa, kí a má dúró di ìgbà náà. A máa ń rí ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tí ewé gbígbẹ ti kún inú asẹ́ rẹ̀, a sì ń rí èyí tí kò tilẹ̀ ní asẹ́ rárá, nítorí ẹnì kan ti yọ ọ́ sọnù kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ dáadáa. Afẹ́fẹ́ á fẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró èrò ni yóò di asẹ́. Ìyà èyí a sì máa pọ̀ lára ọmọdé àti ẹni tó ní àìsàn ásímà.

Láti tún ojú ihò ṣe, ẹ pa ọkọ̀ àti fáànù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku síta, kí ẹ sì fi aṣọ tí ẹ ti fún omi rẹ̀ dànù nù ún. Ẹ má da omi sínú ihò, nítorí wáyà iná wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọ̀n àjà bọ́ọ̀sì tó bá ṣeé yọ, ọṣẹ àti omi ló ń fẹ́. Kí ó gbẹ kí ẹ tó dá a padà. Evaporator ní tirẹ̀, iṣẹ́ oníṣẹ́ ni. A kò sì fẹ́ gbọ́ pé ẹnikẹ́ni fi bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì fọ ohunkóhun nínú ọkọ̀. Bí ó bá kù díẹ̀ kí ẹ dé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ pa amúlétutù kí ẹ jẹ́ kí fáànù máa fẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí irin náà lè gbẹ.

Ọ̀rọ̀ eku ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Láti ọdún 1969 tí wọ́n ti kọ́kọ́ mọ ibà Lassa ní ìlú Lassa, ní Ìpínlẹ̀ Borno òde òní, Ìpínlẹ̀ Òndó wa yìí ti di ọ̀kan lára ibi tó ti ń jà jù, pẹ̀lú Ẹdó àti Bauchi. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń gbé e ká, ènìyàn sì lè fà á símú bí eruku rẹ̀ bá fẹ́ sókè. Ọkọ̀ tó ti dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan dà bí àká lójú eku: ó ṣókùnkùn, ó móoru, èérún ẹ̀pà sì wà lórí ìjókòó.

Bí ẹ bá yọ asẹ́ tí ẹ bá ìgbẹ́ eku tàbí ìtẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ẹ dúró. Ẹ má tan fáànù, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a, ẹ má sì fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà fẹ́ ẹ síta. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán, kí ẹ sì kúrò nítòsí. Ẹ yọ orí bátìrì, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti ìbòmú. Ẹ po bílíìṣì ìwọ̀n kan mọ́ omi ìwọ̀n mẹ́sàn-án, kí ẹ rọra wọ́n ọn sórí ìdọ̀tí náà kí ó rin, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ má po ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbẹ́ mọ́ bílíìṣì. Èéfín tó ń ti inú rẹ̀ jáde lè pani. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àkísà kó gbogbo rẹ̀, àti asẹ́ náà pẹ̀lú, sínú ọ̀rá méjì tó wọra, ẹ dì í, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ fi omi mímọ́ nu ibẹ̀, nítorí bílíìṣì ń jẹ irin.

Àmì ibà Lassa lè hàn láàrin ọjọ́ 2 sí 21: ara gbígbóná, orí fífọ́, ọ̀nà ọ̀fun dídùn, èébì. Ó jọ ibà lásán, nítorí náà ẹ má jókòó sílé máa lo oògùn ibà. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ tún ibi tí eku gbé ṣe. Oògùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá tètè lò ó ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ ti pẹ́ nídìí ìtọ́jú rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Bí òórùn èéfín ọkọ̀ bá ń gba ojú ihò wọlé, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ó lè jẹ́ pé sàlẹ́ńsà ti lu. Gáàsì kábọ́nì mónọ́ksáìdì tó wà nínú èéfín kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn tirẹ̀, oorun ló sì máa ń fi mú ènìyàn lọ. Bí orí bá ń fọ́ ju ẹnì kan lọ nínú ọkọ̀ kan náà, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀ gba afẹ́fẹ́, ẹ má sì tún wa ọkọ̀ náà títí mẹkáníìkì yóò fi yẹ abẹ́ rẹ̀ wò.