Ọtí Tó Kọ́kọ́ Kán

Owó ògógóró ni bàbá mi fi rán mi lọ sí ilé-ìwé nọ́ọ̀sì. Abúlé wa kò jìnnà sí Òkìtìpupa ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, inú àbàtà tí igi ògùrọ̀ pọ̀ sí ni wọ́n ti ń gbé dúróòmù kaná. Wọ́n á jẹ́ kí ògùrọ̀ náà kan fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á rọ ọ́ sí dúróòmù, wọ́n á fi amọ̀ dí ẹnu rẹ̀ pinpin, kí ooru má rí ọ̀nà àfi inú páìpù bàbà tó gba inú ògbólógbòó ọkọ̀ ojú omi kan kọjá, omi tútù kún inú ọkọ̀ náà. Ní ìdí páìpù ni ọtí ti ń kán tó, tó, tó sínú ìgò. Èyí tó bá kọ́kọ́ kán, bàbá mi kì í tà á. Wọ́n á dà á sílẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń ta ilẹ̀ lọ́rẹ ni. Ìgbà tí mo di nọ́ọ̀sì ni mo mọ̀ pé àwọn èròjà olóró tó tètè ń di ooru máa ń bá àkọ́kán yẹn jáde.

Láyé bàbá bàbá mi, ẹ̀wọ̀n ni iṣẹ́ yìí. Àdéhùn tí àwọn ìjọba òyìnbó ṣe ní Saint-Germain-en-Laye lọ́dún 1919 ló ka sísè ọtí líle léèwọ̀ ní ilẹ̀ wa. Jíìnì olówó gọbọi tó ń tòkèèrè wọlé ní tirẹ̀ ń san owó ibodè fún ìjọba, kò sẹ́ni tó mú un.

Ìwádìí ńlá kan ti ṣáájú òfin yẹn. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell pariwo títí pé jíìnì òkèèrè ń run àwọn ènìyàn gúúsù Nàìjíríà. Ìjọba ní London yan ìgbìmọ̀ kan, Sir Mackenzie Chalmers ni alága. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu dókítà, oníwàásù, oníṣòwò àti àwọn ọba, wọ́n sì gbé àbọ̀ wọn síwájú ilé aṣòfin London lọ́dún 1909. Wọ́n ní àwọn kò rí ẹ̀rí pé ọtí ń ba ìran wa jẹ́. Èmi tí mo ti tọ́jú ọ̀mùtí kò gba ìdájọ́ yẹn wọlé tán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí wà nínú ìwé, ẹni tó bá fẹ́ lè kà á títí dòní. Ó kàn ń dùn mí pé kò sí ọmọ Ìkálẹ̀ kan tó dìbò yan ẹnikẹ́ni sí ilé tó gba ìwé náà.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ikú wọ Òde-Ìrèlè, ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa yìí kan náà. Orí á fọ́ni, ojú á ṣú, ènìyàn á dákú, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ ó ti parí. Nígbà tó fi di ọjọ́ 19, ó kéré tán ènìyàn 18 ti lọ. Ẹ̀rù Ẹbólà ọdún tó ṣáájú kò tíì kúrò lára wa; àyẹ̀wò ní kì í ṣe òun. Àwọn kan ní òrìṣà Malòkun ló ń bínú. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ fura sí oògùn apakoríko. Methanol, ọtí olóró kan, ni wọ́n wá bá nídìí rẹ̀, nínú ògógóró.

Ẹ̀dọ̀ ló ń sọ methanol di ásíìdì tó ń jẹ iṣan ojú. Mo rí irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lẹ́nu iṣẹ́, kí ti Ìrèlè tó ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin náà di ọwọ́ mi mú pinpin, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan iná." Ọ̀sán gangan ni.

Nígbà tí irú ikú yìí tún jà ní ìpínlẹ̀ Rivers, NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de ògógóró ní oṣù kẹfà ọdún 2015 náà. Èèwọ̀ 1919 ló tún padà dé yẹn, bàbá mi ì bá sì dá a mọ̀.

Ìwádìí ni mo ń fẹ́ báyìí. Abala 128 àti 129 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 gba ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti wádìí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba, kí wọ́n pe ẹlẹ́rìí, kí ó búra, kí ó kó ìwé wá. Ẹni tó bá kọ̀ láti wá, wọ́n lè fi ìwé àṣẹ mú un. Bí àwọn tí a dìbò yàn sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wa ní Àkúrẹ́ bá pè mí lọ́la, n ó lọ. N ó sọ ti ọtí tí bàbá mi ń dà sílẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà n ó bi wọ́n: methanol yẹn, ọwọ́ ta ló ti jáde? Ilé ìwòsàn wo ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ló ní oògùn tó ń dá a dúró? Àwọn tó mu nínú rẹ̀ tí wọn kò kú, ta ló ti lọ yẹ ojú wọn wò?