Bí Ọmọ-abẹ́ Ṣe Lè Kìlọ̀ fún Ọ̀gá Níbi Iṣẹ́

Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ọ̀pọ̀ wa nílé ni pé ọmọdé kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Ẹ̀kọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá dé ibi iṣẹ́, tí a sì rí i pé ọ̀gá wa fẹ́ ṣi ẹsẹ̀ gbé, ẹ̀kọ́ yìí kan náà a máa pa wá lẹ́nu mọ́.

Láàárín àwọn awakọ̀ òfurufú ni ìpalára rẹ̀ ti hàn kedere. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1978, bàálù United Airlines kan tí ó gbé ènìyàn 189 fẹ́ balẹ̀ ní ìlú Portland, ní Amẹ́ríkà. Ọ̀ràn táyà tí ó fi ń balẹ̀ gba ọ̀gá awakọ̀ lọ́kàn, ó sì ń yí po lójú ọ̀run fún bí wákàtí kan. Àwọn tí wọ́n bá a wà níbẹ̀ mẹ́nu ba epo tí ń tán lọ, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ kí ó wọ̀ ọ́ létí. Epo tán, bàálù já lulẹ̀, ènìyàn 10 sì kú. Àwọn olùwádìí kò fi ẹ̀bi náà mọ sọ́dọ̀ ọ̀gá nìkan. Ní ọdún 1981, ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn awakọ̀ rẹ̀ bí a ti í sọ̀rọ̀ fún ọ̀gá àti bí ọ̀gá ti í gbọ́. Ẹ̀kọ́ náà sì ti tàn ká ayé.

Kí ó tó tàn, òmíràn tún ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 1982, nígbà tí yìnyín ń bọ́ ní Washington, igbákejì awakọ̀ kan sọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ohun tí aago ẹ̀rọ ń fi hàn kò tọ̀nà. Ọ̀gá rẹ̀ ní ó tọ̀nà. Bàálù náà já sínú odò Potomac, ènìyàn 78 sì kú, pẹ̀lú àwọn 4 tí wọ́n wà lórí afárá. Ẹ kíyè sí i: igbákejì yìí sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ó fẹ́ kí ọ̀gá ṣe.

Ọ̀nà tí wọ́n ń kọ́ni ni pé kí a kọ́kọ́ fi orúkọ tàbí oyè pe ọ̀gá, kí ó lè yíjú sí wa. Kí a sọ ohun tí a rí àti ewu rẹ̀. Kí a dábàá ohun tí a lè ṣe, kí a sì béèrè èrò rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, kí a tún un sọ. Nọ́ọ̀sì tí ó bá rọra wí pé, “Abẹ́rẹ́ yìí náà ni, àbí, sà?” kò tí ì kìlọ̀. Kí ó wí pé: “Ẹ jọ̀wọ́, dókítà, ìwé aláìsàn yìí sọ pé pẹnisílínì kì í bá a lára mu. Mo bẹ̀rù pé ó lè ṣe é léṣe. Ẹ jẹ́ kí a lo òmíràn. Kí ni ẹ wí sí i, sà?” Kò sí àfojúdi níbẹ̀. “Bàbá” ni àwọn ìránṣẹ́ Náámánì pe ọ̀gá wọn tí inú ń bí, kí wọ́n tó bá a sọ òótọ́ (2 Àwọn Ọba 5), ó sì gbọ́ tiwọn.

Ní ti iṣẹ́ abẹ, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìwé àyẹ̀wò kan jáde ní ọdún 2008. Ara ohun tí ó béèrè ni pé kí olúkúlùkù tí ó wà nínú yàrá sọ orúkọ àti iṣẹ́ rẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kan ara, nítorí ẹni tí ó ti la ẹnu lẹ́ẹ̀kan kì í ṣòro fún un láti tún là á. Ní ilé ìwòsàn 8 tí wọ́n ti dán ìwé náà wò, ikú dín láti 1.5 sí 0.8 nínú aláìsàn 100, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ohun mìíràn tún wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá àti olórí ìjọ, ó kàn yín pẹ̀lú. Nínú ìpàdé, a rí i pé ó dára kí ẹni tí ó kéré jù kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, nítorí bí ọ̀gá bá ti sọ̀rọ̀ tán, ohun tí ó kù fún àwọn yòókù kò ju kí wọ́n mi orí lọ.