Kerry Weaver: Obìnrin Tó Ń Fẹ́ Obìnrin Nínú Eré ER

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1994 ni iléeṣẹ́ NBC ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ER jáde, eré tí Michael Crichton dá sílẹ̀ nípa ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ilé ìwòsàn kan ní Chicago. Sáà 15 ni wọ́n ṣe, abala 331, kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2009. Ọdún kejì ni Kerry Weaver dé, dókítà tí Laura Innes ṣe. Ọ̀pá ló fi ń rìn, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, kì í sì í gba gbẹ̀rẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò pẹ́ tó fi di ọ̀gá, ọ̀pọ̀ òǹwòran ò sì fẹ́ràn rẹ̀.

Àwọn kan ti ṣáájú rẹ̀. Maggie Doyle, tí Jorja Fox ṣe, jẹ́ kí dókítà Carter tó ń yọ́jú sí i mọ̀ pé obìnrin lòun ń fẹ́. Yosh Takata, nọ́ọ̀sì ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n etí ìtàn ni wọ́n fi àwọn méjèèjì sí. Ní 1999, Doyle kàn pòórá ni, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Ọwọ́ àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn ò tíì balẹ̀ nígbà náà: Ellen DeGeneres, òṣèré apanilẹ́rìn-ín, kéde ní 1997 pé obìnrin lòun ń fẹ́, nígbà tó fi máa di 1998, ABC ti fòpin sí eré rẹ̀.

Sáà keje, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2000, ni Weaver pàdé Kim Legaspi, dókítà tó ń tọ́jú àrùn ọpọlọ, ìfẹ́ sì wọ àárín wọn. Ó ti tó ọdún márùn-ún táwọn èèyàn ti mọ Weaver sí ọ̀gá tó le. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n àwọn òǹkọ̀wé eré náà wà. Wọn ò tún ìwà rẹ̀ ṣe kí á lè fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí obìnrin aláìsàn kan fẹ̀sùn ìṣekúṣe kan Legaspi, Weaver, tó ń ṣọ́ ipò rẹ̀, kò gbèjà rẹ̀ bó ṣe yẹ, ni àárín wọn bá dàrú. Ìgbà tí Romano, ọ̀gá àgbà, fẹ́ lé Legaspi kúrò níṣẹ́ ni Weaver tó là á mọ́lẹ̀ fún un pé òun náà ń fẹ́ obìnrin, àti pé bó bá lé e, òun náà ń lọ. (Nígbà tí hẹlikópítà já lu Romano pa ní 2003, owó tó wà lórúkọ rẹ̀ ni Weaver fi dá ibi ìtọ́jú àwọn tó ń fẹ́ ẹ̀yà bíi tiwọn sílẹ̀. Òkú ò kúkú lè ṣàtakò.)

Sandy Lopez, panápaná, ló tẹ̀lé Legaspi. Ó sú u pé ìkọ̀kọ̀ ni Weaver ń fi òun sí, ló bá wọ ẹ̀ka pàjáwìrì, ó fi ẹnu ko Weaver lẹ́nu níṣojú gbogbo òṣìṣẹ́. Inú bí Weaver gidigidi. Síbẹ̀, wọ́n jọ gbé. Oyún Weaver bà jẹ́, Sandy ló wá bí Henry. Ní 2004, iná pa Sandy lẹ́nu iṣẹ́, àwọn òbí rẹ̀ sì gbé ọmọ náà lọ. Illinois kò tíì gba ìgbéyàwó obìnrin sí obìnrin láyè, ọdún 2014 ni ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìjà àti ẹ̀bẹ̀ ni Weaver tó rí ọmọ gbà padà. Ibi tí eré náà ti fi òfin hàn bí ó ṣe ń gún ènìyàn lára nìyí, ṣùgbọ́n pípa tí wọ́n pa Sandy kò dùn mọ́ mi nínú: àṣà ọ̀pọ̀ eré ìgbà náà ni pé irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ já sí ikú.

Ní 2007, Weaver lọ sí Miami láti ṣiṣẹ́ tẹlifíṣàn.

Eré Grey's Anatomy ti ABC, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ló gba ibẹ̀ tẹ̀ síwájú. Níbẹ̀, dókítà Callie Torres, tó ti kọ́kọ́ fẹ́ ọkùnrin, gbé dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Arizona Robbins, níyàwó ní 2011. Wọ́n kọ ara wọn lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kú nínú wọn. Callie kó lọ sí New York ní 2016. Nígbà tó di 2018, Arizona náà kó lọ síbẹ̀, kí Sofia ọmọ wọn lè wà nítòsí àwọn ìyá rẹ̀ méjèèjì.