Olú wíwá

Olú wíwá ni kíká olú tó hù fúnra rẹ̀, yálà fún ọbẹ̀ tàbí fún títà. Ìgbà òjò ni iṣẹ́ yìí ń gbóná nílẹ̀ Yorùbá. Àárọ̀ kùtù làwọn tó mọ̀ ọ́n ń jáde, nítorí olú kì í pẹ́ rà, ìdin sì ń tètè wọ̀ ọ́. Lọ́dún 1975, onímọ̀ ewéko B. A. Oso kọ̀wé nípa olú láàárín àwa Yorùbá sínú ìwé ìwádìí Mycologia.

Ìdí ọ̀gán ló yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ti bẹ̀rẹ̀. Igi àti ewé gbígbẹ ni ikán ń kó wọlé, ṣùgbọ́n kì í dà nínú wọn bí olú kò bá bá wọn ṣe é. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbin olú sórí ìtẹ́ tí wọ́n fi igi jíjẹ mọ nísàlẹ̀ ilẹ̀. Tí òjò bá dé, olú náà yóò yọrí. Kì í ṣe fífà tu ni kéèyàn fà á. Kó wa ìdí rẹ̀. Gbòǹgbò gígùn tó lọ bá ìtẹ́ ikán ni ẹ̀rí tó dára jù lọ pé olú ikán ni. Olú ọ̀ràn, tó kéré, tó ń hù rẹpẹtẹ, kò ní gbòǹgbò gígùn bẹ́ẹ̀, nítorí orí ìtẹ́ tí ikán ti kó síta ló ń hù sí.

Bí nǹkan bí ife bá wà ní ìdí olú, kí akọ́ṣẹ́ fi í sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ògìrì àgbẹ̀, tó ń hù lára igi ọ̀pẹ jíjẹrà, ní irú rẹ̀, adùn rẹ̀ kò sì kéré, ṣùgbọ́n àwọn olú Amanita tó ń pànìyàn náà ní in. Èyí tó ń hù lórí koríko àgbàlá, tó funfun, tó sì tóbi, ń tanni jẹ púpọ̀: Chlorophyllum molybdites ni, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló ń fà. Tí a bá da orí rẹ̀ bo bébà funfun mọ́jú, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé ni yóò bọ́ sílẹ̀. Ti olú ikán máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́.

Àwọn kan ní èyí tí kòkòrò bá ti jẹ kò lè pànìyàn. Irọ́ ni. Sísè kì í sì í pa oró Amanita. Ó sàn kéèyàn tẹ̀ lé ìyá kan tó ń ká olú tà ládùúgbò fún odindi ìgbà òjò kan ju kó máa fi àwòrán orí fóònù wá a lọ.

Oró Amanita lè lo wákàtí mẹ́fà sí méjìlá kó tó fara hàn. Inú rírun náà tún lè rọlẹ̀ nígbà tí ẹ̀dọ̀ ṣì ń bàjẹ́ lọ. Ẹni tó bá fura kó gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, kó sì mú èyí tó kù nínú olú náà dání.