Ọpẹ́ Nígbà Ìyàn

Ìjọ wa pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ọpẹ́ sì rọrùn lẹ́nu wa lónìí. Ṣùgbọ́n kí á má gbàgbé pé ìlú Ilé-Ifẹ̀ yìí dahoro nínú ogun ní 1882, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì padà wọlé títí di 1894. Nítorí náà ni a ṣe ń wá ìtàn àwọn tí ó dúpẹ́ nígbà tí àwo ṣófo. A rí i ní Ìbàdàn.

Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà Èkó sì dí. Ní Kúdẹtì, Àlùfáà David Hinderer àti Anna aya rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́, kò rí owó gbà láti òkè òkun mọ́. Wọ́n ta ẹrù ilé wọn gba owó ẹyọ, kí wọ́n lè jẹun. Ebi pa wọ́n síbẹ̀. Nínú ìwé Anna, tí a tẹ̀ jáde ní 1872 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìráhùn wà, ọpẹ́ sì wà pẹ̀lú. Inú wa dùn pé kò fi ìráhùn náà pamọ́, nítorí ẹni tí kò jẹ́wọ́ ebi, kí ni yóò dúpẹ́ oúnjẹ fún? Àìsàn sọ ọ́ di aláìlera, títí Captain Maxwell fi wá mú un lọ sí Èkó ní 1865.

Ní 1869 tọkọtaya náà fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá. Daniel Olúbí, tí ó ti bá wọn jẹ ìyà ìyàn náà, ni ó gba ìtọ́jú ìjọ. Ní 1871 a fi í jẹ díákónì.