Láti Old Garage dé Ìpólé: ìlú kékeré tó bí ìlú ńlá

Lọ́jọ́ tí ilé-ìwé wa gba ìsinmi, a dúró ní Old Garage, ní Òṣogbo, à ń wá ọkọ̀. Màmá kan tó ń ta ẹ̀pà bi wá pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ọmọ ibo ni yín?" Ọ̀kan nínú wa ní ọmọ Òṣogbo lòun. Ẹnì kejì ní Iléṣà. Ìgbà tí a jókòó sínú ọkọ̀ tán ni àṣírí tú: ọmọ Ìpólé ni ẹni àkọ́kọ́, ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ni ẹnì kejì. Ojú ló ń tì wọ́n láti dárúkọ ìlú kékeré. Ohun tó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Òṣogbo fúnra rẹ̀ ni pé Ìpólé, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni Lárò ti wá. Omi ò tó wọn lò mọ́ níbẹ̀. Tìmẹ́yìn ọdẹ ló wá omi lọ tó fi kan odò Ọ̀ṣun. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, igi tí wọ́n gé wó sínú odò, ohùn kan sì ké láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Lárò bá Ọ̀ṣun dá májẹ̀mú, ẹja ńlá kan sì fò sí i lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni oyè Atáója ti wá: ẹni tó tẹ́wọ́ gba ẹja. Igbó etí odò yẹn ni UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Gbogbo ayé ló ń wá síbẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ta ló ń béèrè ọ̀nà Ìpólé?

Ogun ló ya ọmọ ìyá nípá. Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Ìlọrin dó ti Òṣogbo. Àwọn ará Ìbàdàn, tí Balógun Odérìnlọ ṣáájú wọn, ló gba ìlú náà sílẹ̀. Láti ìgbà náà, abẹ́ òjìji Ìbàdàn ni Òṣogbo wà. Nígbà tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà wá dìde sí Ìbàdàn, tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, tí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé ará Iléṣà ń darí ogun Èkìtìparapọ̀, ìlú tí ọmọ Ìpólé tẹ̀ dó ti wà ní ìhà kejì sí ilé baba rẹ̀. Ìtòsí Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n ti jà. Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ó sì di 1893 kí wọ́n tó tú àgọ́ ká.

Ohun tí ogun yà, ọjà tún un so. Nígbà tó fi máa di 1907, ọkọ̀ ojú irin ti dé Òṣogbo láti Èkó. Kòkó àti ẹ̀kùrọ́ ń ti oko wá, aṣọ àti iyọ̀ ń padà lọ. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà ń gbé aṣọ káàkiri, wọ́n ń tà á láwìn, wọn a sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n lówó títí yóò fi san án. Ìyẹn ló sọ wọ́n di Òṣómàáló.

Nínú oko ńkọ́? Kò sí báńkì níbẹ̀, ṣùgbọ́n èsúsú wà. Kò sí katakata, ṣùgbọ́n àáró wà: lónìí ẹgbẹ́ ro oko tèmi, lọ́la wọ́n ro tìrẹ. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé bẹ ọ̀wẹ̀, ó se oúnjẹ fún àwọn tó wá ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ oko ló ráyè jókòó sí kíláàsì. Èso ìgbà yẹn ni àwa tí a wà ní yunifásítì lónìí.

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, ẹ bá wa béèrè nílé: ta ló tẹ ìlú wa dó, kí ló gbé e débẹ̀, kí ni oríkì wa? Ẹ fi fóònù gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Wọn ò ní dúró dè wá títí. Bí màmá ẹlẹ́pà yẹn bá sì tún bi wá, ẹ jẹ́ ká dárúkọ ìlú wa ketekete.