Kọ́ọ̀sì Wo Ni Ká Mú? Ìtàn Àríyànjiyàn Kan Nínú Ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá fẹ́ kàwé gboyè másítà nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà yóò bá ìbéèrè kan pàdé lọ́jọ́ tó bá ń yan kọ́ọ̀sì. Ṣé èyí tó jinlẹ̀ nínú ẹ̀ka kan ni kó mú, bí i bí ẹ̀rọ ṣe ń gbọ́ èdè ènìyàn tàbí bí a ṣe ń fi ìṣirò dáàbò bo àṣírí? Àbí èyí tí agbanisíṣẹ́ ń béèrè lónìí, bí i ṣíṣe áàpù? Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a ń kọ́ Yorùbá pẹ̀lú. Àwọn yunifásítì kan wà ní Ìlú Ọba tí wọ́n ń gba ẹni tí kò ka kọ̀ǹpútà rí sí másítà ọlọ́dún kan, àwọn kan nínú wa sì ti ń wo ọ̀nà ibẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ọ̀nà méjèèjì ti yà. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1949 ni kọ̀ǹpútà EDSAC kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Cambridge, lábẹ́ Maurice Wilkes. Nígbà tó di 1953, wọ́n dá ètò-ẹ̀kọ́ ọlọ́dún kan sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn tó ti gboyè àkọ́kọ́. Díplọ́mà ni wọ́n ń fúnni níparí rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì dà bí orúkọ ìbejì: apá kan jẹ́ ti ìjìnlẹ̀ ìṣirò onínọ́ńbà, apá kejì jẹ́ ti fífi ẹ̀rọ gidi ṣe ìṣirò. Inú ìwé-ẹ̀rí kan ṣoṣo ni méjèèjì wà.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ohun tí wọ́n kọ́? Ní 1958 ni wọ́n pa EDSAC tì. Ẹni tó mọ gbogbo àṣẹ inú rẹ̀ bí ẹni mọ oríkì ìdílé rẹ̀ kò ríbi lò ó mọ́. Ṣùgbọ́n David Wheeler, tó wà lára àwọn tó ń kọ ètò fún ẹ̀rọ náà, ti wá ọ̀nà tí a fi lè kọ iṣẹ́ kékeré kan lẹ́ẹ̀kan, kí ètò tó tóbi máa pè é nígbàkigbà, kí ẹ̀rọ sì padà sí ibi tó ti kúrò. Kò sí ẹni tó ń kọ ètò lónìí tí kì í lo ọgbọ́n yẹn. Ẹ kíyè sí i pé wàhálà iṣẹ́ ojoojúmọ́ ló bí i, kì í ṣe ìwé tíọ́rì.

1968 ni àríyànjiyàn náà gbóná. ACM, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, tẹ ìlànà ẹ̀kọ́ kan jáde fún àwọn yunifásítì, ìṣirò sì pọ̀ nínú rẹ̀. Lọ́dún kan náà, ACM yìí fi ẹ̀bùn Turing dá Richard Hamming ti Bell Labs lọ́lá. Ọ̀rọ̀ tí baba náà sọ lọ́jọ́ ẹ̀yẹ ni pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe iṣẹ́ ọwọ́ sí i. Ní oṣù Kẹwàá, àwọn kan tún pàdé ní Garmisch, ní Jámánì, lábẹ́ NATO, wọ́n ń ráhùn pé ètò kọ̀ǹpútà ńláńlá kì í parí lásìkò, owó rẹ̀ ń kọjá ìṣirò, àṣìṣe sì kún inú rẹ̀.

Christopher Strachey la fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Tíṣà ni ní Harrow nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò tí yóò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ta dráàfù. Kò gba oyè dókítà. Ọkùnrin yìí ló wá dá ẹgbẹ́ ìwádìí nípa ètò kíkọ sílẹ̀ ní Oxford ní 1965, tí òun àti Dana Scott sì gbé tíọ́rì kalẹ̀ nípa ìtumọ̀ èdè kọ̀ǹpútà, èyí tó le débi pé ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ títí dòní. Èrò rẹ̀ ni pé ìpalára ni kí a ya tíọ́rì kúrò lára iṣẹ́.

Ẹni tí gbèsè owó ilé-ìwé wà lọ́rùn rẹ̀, tó gbọ́dọ̀ ríṣẹ́ kíákíá, a ò lè bá a wí bó bá mú kọ́ọ̀sì áàpù. Ní tiwa, kọ́ọ̀sì tó jinlẹ̀ la máa mú, tó bá ṣáà ní iṣẹ́ àkànṣe tí a ó fọwọ́ ara wa ṣe. Ẹ wo lẹ́tà “ẹ́” tí a ń kọ lójoojúmọ́. Nínú Unicode, “ẹ” ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún “ẹ” tó ní àmì ohùn òkè lórí. Ṣe la máa ń to àmì lé e. Ẹnì kan lè fi àmì òkè sórí “ẹ”, ẹlòmíràn lè fi àmì ìsàlẹ̀ sábẹ́ “é”. Lójú wa, bákan náà ni wọ́n rí. Lójú ẹ̀rọ tí wọn kò kọ́ láti mú wọn dọ́gba, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè wá ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé tó kún fún un, kí ẹ̀rọ sì dáhùn pé kò sí níbẹ̀.